Adágún Ẹja Etíkun Java: Ohun Tí Ìwé Àtijọ́ Sọ àti Ohun Tí Ẹja Ń Jẹ

Ní ọdún 1885, ní Yunifásítì Leiden ní ilẹ̀ Holland, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ èdè kan, J. C. G. Jonker, gbé iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé jáde. Ìwé òfin kan tí wọ́n fi èdè Java àtijọ́ kọ ló mú lọ́wọ́, Kutara Manawa lorúkọ òfin náà. Jonker tò ó ní ẹsẹẹsẹ, ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Holland, ó sì ń fi í wé òfin ilẹ̀ Íńdíà, nítorí ohun tó ń wá gan-an ni bí òfin ìlú méjèèjì ṣe tan mọ́ra. Ọ̀rọ̀ olè wà nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ gbèsè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ti ẹrú kò gbẹ́yìn. Láàárín wọn ni òfin tó dá sẹ́ríà fún ẹni tó bá jí ẹja kó nínú tambak, ìyẹn adágún omi iyọ̀ etíkun, tàbí nínú siwakan, adágún omi tí kò níyọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ló gbé Jonker dé ìdí ìwé yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè erékùṣù ìlà-oòrùn Indonésíà, ìwé atúmọ̀ èdè Rote tó kọ jáde ní 1908, ó sì padà di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Java ní Leiden. Ṣùgbọ́n ẹsẹ òfin kan ṣoṣo nípa olè ẹja yẹn ti di ohun iyebíye lọ́wọ́ agbo mìíràn pátápátá. W. H. Schuster, òṣìṣẹ́ ìjọba Holland tó mọ adágún ẹja Java bí ẹni mowó, fa òfin náà yọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952, ó sì fi í sí nǹkan bí ọdún 1400. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀sìn ẹja ní Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó dá. Ìlú kì í ṣòfin lórí ohun tí kò sí. Bí olè ẹja bá ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní 1400, a jẹ́ pé adágún ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó ti ní olówó, ẹja inú rẹ̀ sì ti di ohun ìní tí ènìyàn lè torí rẹ̀ pe ẹnìkejì lẹ́jọ́.

Etíkun àríwá Java ni ilé tambak: Sidoarjo, Gresik, Surabaya, Pati, Jepara, Semarang, títí lọ dé Batavia tí gbogbo ayé ń pè ní Jakarta lónìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrẹ̀ ni, òkun sì máa ń kún wọ inú rẹ̀ kó tó tún fà padà. Gresik ti jẹ́ èbúté ńlá ní àkókò tí à ń wí yìí. Ibojì Malik Ibrahim, ọ̀kan nínú àwọn tó tan ẹ̀sìn Ìsìláàmù ká Java, ṣì wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀ sì bá 1419 mu. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò láti China àti láti Íńdíà ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyẹn, ẹja kì í kùtà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe tambak rọrùn láti ṣàlàyé, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń dá ẹ̀yìn ró. Wọ́n á fi ẹrẹ̀ mọ ògiri kúkúrú yí ilẹ̀ ká, wọ́n á fi pákó ṣe ilẹ̀kùn omi sí ojú kan. Bí òkun bá kún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn kí omi wọlé; bó bá fà, wọ́n á ṣí i kí omi jáde. Wọ́n á gbẹ́ kòtò jíjìn yípo ẹsẹ̀ ògiri nínú adágún, èyí tí wọ́n ń pè ní caren. Àárín á wà ní pẹrẹsẹ, omi ibẹ̀ kì í ju orúnkún lọ. Olówó adágún lè máa gbé ìgboro. Pandega ló ń gbé ibẹ̀ nínú ahéré: òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun ló ń tún ògiri ṣe, ìpín nínú owó ẹja sì lowó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Madura àti ní agbègbè Gresik, adágún tó ń pèsè ẹja lásìkò òjò ni wọ́n ń sọ di oko iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹja tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ ni bandeng, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Chanos chanos. Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ló ń gbé, láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà títí dé Mẹ́síkò. Kò sí i ní òkun tó wà lẹ́bàá Èkó àti Kútọnu. Ara rẹ̀ ń dán, ìrù rẹ̀ là sí méjì, kò sì ní eyín kankan. Ìfun rẹ̀ gùn gan-an, bó ṣe máa ń rí lára ẹ̀dá tó bá ń jẹ ewé. Ohun tó sì fi ń sanra nínú tambak ni àwọ̀ ewé tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ẹrẹ̀, tí àwọn ará Java ń pè ní klekap.

Klekap kì í déédéé hù. Kí wọ́n tó da ọmọ ẹja sínú adágún, wọ́n á kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n á jẹ́ kí oòrùn pa ẹrẹ̀ náà títí ilẹ̀ á fi sán. Wọ́n á da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí èèrí ìrẹsì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jẹ́ kí omi díẹ̀ wọlé, kó kàn bo ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, nǹkan kan á bo ẹrẹ̀ náà, á yọ̀, á nípọn, àwọ̀ rẹ̀ á wà láàárín ti ewé àti ti ilẹ̀. Ẹni tó bá bù ú wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù á rí i pé ewéko tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀, kòkòrò àti aràn tín-ín-tín sì ń gbé láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ewé àti ẹran ni ẹja ń rí jẹ pọ̀. Omi ni wọ́n á wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kánjú da omi sí i lẹ́ẹ̀kan, klekap á ṣí kúrò nílẹ̀, á léfòó, á jẹrà, oúnjẹ oṣù mélòó kan á sì bá a lọ. Gbogbo èyí ni pandega tí kò ka ìwé kankan mọ̀ dájú, baba rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ọmọ ẹja ńkọ́? Bandeng kì í yé ẹyin sínú adágún, ojú òkun ló ń lọ. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á máa bá omi bọ̀ wá sí etíkun, kò ní gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ, ara rẹ̀ á sì mọ́ gaara débi pé ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ènìyàn ń rí nínú omi. Nener ni wọ́n ń pè é. Àwọn apẹja á na okùn gígùn tí wọ́n so ewé mọ́ sójú omi. Nener á sá sí abẹ́ òjìji ewé, wọ́n á rọra fa okùn náà po, wọ́n á sì fi àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bù wọ́n. Iye ni wọ́n ń kà tà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kà wọ́n á máa fi orin pe iye náà bó ti ń fi abọ́ kékeré bù wọ́n láti inú bàsíà kan sí òmíràn, kó má baà ṣì í kà.

Gresik ni kéèyàn lọ bó bá fẹ́ mọ ipò tí ẹja yìí wà láwùjọ. Ní òru ìparí oṣù Ramadan, ọjà pàtàkì kan máa ń ná níbẹ̀, Pasar Bandeng. Ìtàn ìlú so ọjà náà mọ́ Sunan Giri, ọ̀kan nínú àwọn wòlíì mẹ́sàn-án ilẹ̀ Java. Àwọn olówó adágún á gbé bandeng tí wọ́n ti sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún jáde, àwọn gbajúmọ̀ á sì máa fi owó lé ara wọn lórí ẹja kan tó wọ̀n ju kílò márùn-ún lọ. Egungun bandeng pọ̀ púpọ̀, wẹ́wẹ́ ni, ó sì ń gún ni lọ́fun. Nítorí náà, àwọn ìyá Gresik ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá: wọ́n á fi nǹkan lu ara ẹja náà jẹ́jẹ́ títí ẹran inú rẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á fa ẹran àti egungun jáde kúrò nínú awọ láì ya awọ, wọ́n á ṣa egungun kúrò, wọ́n á po ẹran pọ̀ mọ́ wàrà àgbọn, ẹyin àti èròjà, wọ́n á tún kì í padà sínú awọ. Bí wọ́n bá sun ún tán, odindi ẹja ni ojú á rí. Otak-otak bandeng ni.

Adágún kan náà ṣe Batavia ní jàǹbá.

Batavia ni olú-ìlú àwọn Òyìnbó Holland ní Éṣíà. Láti 1733, àwọn ará ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ẹni tí àjàkálẹ̀ ń lé. Ó sún mọ́ ìdajì àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ tó ń ti Yúróòpù dé tó ń kú láàárín ọdún kan péré. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ burúkú ni, àwọn kan ní omi ọ̀gọ̀dọ̀ inú ìlú ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, òpìtàn kan tó ń jẹ́ P. H. van der Brug tú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ òwò Holland wò láti ọdún dé ọdún, ó wo iye tó kú, ó wo ibi tí wọ́n ń gbé, ó sì wo ohun tó yí padà ní etíkun nígbà náà. Adágún ẹja ló yí padà. Ní nǹkan bí 1730 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la tambak sí ẹ̀bá òkun Batavia, ibà sì tẹ̀ lé e wọ ìlú. Ẹ̀fọn kan wà, Anopheles sundaicus, tó fẹ́ràn omi oníyọ̀ díẹ̀ tí oòrùn ń ta sí, pàápàá ibi tí ewéko bí irun bá ti léfòó sójú omi. Inú ewéko yìí ni tanwíji ń sá pamọ́ sí kí ẹja má rí i jẹ. Iṣẹ́ van der Brug yí mi lérò padà ju gbogbo ìwé mìíràn tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ, nítorí pé ìwé ìṣirò owó àti àkọsílẹ̀ òkú ló fi tú àṣírí tí àwọn dókítà ìgbà yẹn kò rí.

Ìlú olóró yìí ni Captain Cook gbé ọkọ̀ Endeavour dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1770, láti tún ọkọ̀ ṣe. Tupaia bá wọn dé ibẹ̀. Àlùfáà àti atukọ̀ ọmọ Ra'iatea ni, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójú òkun Pàsífíìkì. Nígbà tí wọ́n dé New Zealand ní 1769, ó bá àwọn Māori sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì yé ara wọn, bẹ́ẹ̀ òkun ńlá ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Àìsàn Batavia pa Tupaia àti Taiata, ọmọdékùnrin tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Joseph Banks, ọ̀mọ̀wé inú ọkọ̀ náà, sàn díẹ̀, ó sì lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1771, ní erékùṣù kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà òkun Sunda, Banks ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó to iye ònkà èdè Java àti ti Malay sí ẹ̀gbẹ́ ti Tahiti, ó sì fi ti Madagáskà kún un, èyí tó gbà lẹ́nu ẹrú kan tí wọ́n bí ní erékùṣù náà. Ó rí i pé wọ́n jọra. Aárùn-ún ni lima lédè Malay àti lédè Java, rima ni ní Tahiti nígbà náà, dimy ni ní Madagáskà. Ẹja ni ikan fún ará Malay, ika fún Māori, i'a fún ará Tahiti.

Ìbátan ni gbogbo wọn. Ẹni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ní kíkún ni Otto Dempwolff, ọmọ Jámánì. Dókítà ni kó tó di onímọ̀ èdè, iṣẹ́ ibà ló sì gbé e dé New Guinea ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìwé rẹ̀ tó fi èdè wé èdè láti Indonésíà dé Pàsífíìkì jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1934 àti 1938, ó sì kó gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tó ju 2,000 jọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Robert Blust ti Yunifásítì Hawaii fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé atúmọ̀ ńlá lórí ìdílé èdè yìí títí tó fi dágbére fáyé ní 2022. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn yìí ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹja, fún ọkọ̀ àti fún àgbọn kí wọ́n tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sórí omi. Tambak gan-an kò dúró sí Java nìkan. Lédè Tagalog ní Filipínì, òkìtì tàbí ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ní gegele ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn ògiri ẹrẹ̀ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí ẹ̀fọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn dókítà ìjọba Holland ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, wọ́n sì ti dájú sọ adágún ẹja Batavia. Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n dí adágún pa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. A. L. J. Sunier, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi, bọ́ sínú ẹrẹ̀ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ tó jáde ní 1922 lé ní 200 ojú ìwé: ó wọn iyọ̀ inú omi, ó kọ orúkọ ẹja àti ewéko, ó sì kíyè sí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jẹ tanwíji, irú bí èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kepala timah. Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, ẹnìkan tó ń jẹ́ Reijntjes gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò yípo, kí wọ́n máa fa omi kúrò ní àárín adágún lóṣooṣù fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹja á sá sínú kòtò. Ewéko tó léfòó á gbẹ dànù lórí ilẹ̀, tanwíji inú rẹ̀ á kú. Bí omi bá padà wọlé, klekap ni yóò hù nílẹ̀ dípò ewéko bí irun.

Èyí ni apá tó ya ni lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ibà wá sọ ẹja di sísanra, nítorí pé klekap ṣara lóore fún bandeng ju ewéko orí omi lọ. Dókítà rí ohun tó ń fẹ́, pandega rí ohun tó ń fẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé gbígbẹ adágún àti jíjẹ́ kí oòrùn pa ẹrẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ará Java. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ìjọba kàn pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe é lóòrèkóòrè ni. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dídí adágún, ilé iṣẹ́ tí òfin ti ń dáàbò bò láti nǹkan bí 500 ọdún ni wọn ì bá pa run.

Ní Filipínì, bangus ni wọ́n ń pe ẹja yìí, lab-lab sì ni orúkọ klekap. Albert Herre, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ẹja ní Manila, àti Mendoza kọ ìwé lórí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sin ín ní 1929. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ń rọ ènìyàn láti la adágún sí i, owó yíyá sì ń bá a lọ. Igbó etíkun, ìyẹn àwọn igi oní-gbòǹgbò gíga tó ń hù nínú omi iyọ̀, ló fara gbá a. Jurgenne Primavera, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Filipínì, fi hàn pé nǹkan bí ìdajì igbó bẹ́ẹ̀ tó pòórá láàárín 1951 àti 1988 ló di adágún ẹja àti edé. Igbó yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹja òkun ń tọ́mọ sí.

Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà dá ibùdó ìwádìí ọ̀sìn ẹja sílẹ̀ ní Tigbauan ní erékùṣù Panay, lábẹ́ àjọ SEAFDEC. Ìṣòro ọmọ ẹja ló kọ́kọ́ wà níwájú wọn, nítorí ọdún tí nener bá wọ́n ní etíkun, adágún á ṣófo. Ní 1980, ní ibùdó Igang ní etíkun Guimaras, bandeng tí wọ́n ti sìn dàgbà nínú àwọ̀n orí omi yé ẹyin fúnra wọn. Flor Lacanilao àti Clarissa Marte ló kọ ìròyìn rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀nà pípa ẹyin náà ti dé àríwá Bali, àwọn ìdílé ní agbègbè Gondol sì ń sin nener nínú àgbá sìmẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń tà á dé Filipínì. Iṣẹ́ ojú òkun di iṣẹ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Àwọn aṣèwádìí SEAFDEC bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tí ara bandeng nílò gan-an bí kò bá sí klekap. Lim, Sukhawongs àti Pascual fi ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ sínú omi tí kò ní oúnjẹ kankan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún un. Ìròyìn wọn ti 1979 sọ pé oúnjẹ tí purotéènì kó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló mú ọmọ ẹja dàgbà jù. Ní 1993, Ilda Borlongan àti Relicardo Coloso wọn èròjà mẹ́wàá inú purotéènì tí ara ẹja yìí kò lè dá ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Láti inú irú ìwọ̀n báwọ̀nyí ni àwọn oníléeṣẹ́ ti ń ṣe oúnjẹ oníhóró, tí àwọn olùsin ẹja nílẹ̀ Yorùbá ń pè ní fíìdì.

Fíìdì yí iṣẹ́ náà padà. Ibi tí klekap bá ti ń bọ́ ẹja, ilẹ̀ adágún ló ń sọ iye ẹja tó lè gbà. Ibi tí fíìdì bá dé, owó ló ń sọ ọ́, owó fíìdì sì lè ju ìdajì gbogbo ìnáwó lọ. Àwọn èèyàn gbé bangus kúrò nínú adágún lọ sínú àwọ̀n tí wọ́n ta sójú òkun, wọ́n kó wọn pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì ń da oúnjẹ sílẹ̀ ju èyí tí ẹja lè jẹ tán. Ní Bolinao ní agbègbè Pangasinan, ìdọ̀tí oúnjẹ yẹn kó jọ sábẹ́ omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ewéko wínníwínní inú omi ru sókè lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Ẹja tí kò ní eyín, tó ń fi ẹnu gbá ewé orí ẹrẹ̀ jẹ, wá di èyí tó ń jẹ ìyẹ̀fun ẹja mìíràn tí wọ́n pa lókun. Àwọn aṣèwádìí tó ń fi ẹ̀wà soya rọ́pò ìyẹ̀fun ẹja ń ṣe ohun tó tọ́, ó sì yẹ kí ìjọba gbè wọ́n lẹ́yìn ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ.

Ẹja ilẹ̀ Áfíríkà náà ti dé àwọn omi yìí. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan ní Blitar, ní ìlà-oòrùn Java, rí ẹja kan tí kò mọ̀ rí lẹ́nu odò Serang. Mudjair lorúkọ rẹ̀. Ó rọra fi omi tí kò níyọ̀ kún omi òkun díẹ̀díẹ̀ títí ẹja náà fi lè gbé nínú omi tútù lásán, ìjọba sì fi orúkọ rẹ̀ pe ẹja: mujair. Ìbátan epìyà ni, láti gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọkọ̀ tó gbé e dé Java. Ní 1969, epìyà odò Náílì wọ Indonésíà láti Táíwánì. Nígbà tó di 1988, àjọ ICLARM ní Filipínì lọ kó epìyà tí ẹnikẹ́ni kò sìn ní Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì ti inú wọn yan irú tó ń yára dàgbà. Irú náà ti tàn ká ayé. Àrọ̀ Áfíríkà náà dé Java ní àwọn ọdún 1980, lele dumbo ni wọ́n ń pè é. Òun ló pọ̀ jù báyìí nínú pecel lele, ẹja díndín pẹ̀lú ata gígún tí wọ́n ń tà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá títì nírọ̀lẹ́ káàkiri Indonésíà.

Klekap náà ní ìbátan nítòsí wa. Lórí ọ̀sà Nokoué ní Benin, àwọn apẹja Ganvié àti àwọn ará àyíká wọn máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tó jìn níwọ̀nba, acadja ni wọ́n ń pè é. Ewéko wínníwínní á hù sára ẹ̀ka, epìyà á wá jẹun, á sì fi ibẹ̀ ṣelé. Àwọn onímọ̀ ẹja ti kọ̀wé lórí rẹ̀ tipẹ́, nítorí pé wọ́n rí i pé ẹja inú ọ̀sà lè pọ̀ láì sí fíìdì kankan.

Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Ìlàjẹ náà ní orúkọ fún oríṣiríṣi omi, fún ewéko tí ẹja ń jẹ, fún àsìkò tí ọmọ ẹja ń wọ ọ̀sà àti fún ẹrẹ̀ tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Áfíríkà àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja wà nínú ọgbà kan náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí àwọn méjèèjì jọ gbéra, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyẹn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì bu ẹrẹ̀ tí àwọn àgbà náà bá tọ́ka sí lọ sí yàrá àyẹ̀wò.